Lẹ́tà sí ọ̀gá tó ń wa bàálù ológun kọjá lórí òrùlé wa

Ẹ̀yin ọ̀gá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. Ẹ ò mọ̀ mí, èmi náà ò mojú yín. Ikùn bàálù yín nìkan ni mo mọ̀. Bí ẹ bá gbéra ní Ìkẹjà tí ẹ forí lé ọ̀dọ̀ wa ní Èjìgbò, ṣíbí inú abọ́ á máa gbọ̀n. Bàálù akérò ń kọjá látàárọ̀ dalẹ́, a kì í tilẹ̀ gbójú sókè mọ́. Ṣùgbọ́n Hercules yín, ẹlẹ́ńjìnnì mẹ́rin, àyà la fi ń gbọ́ ọ kí etí tó gbọ́.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, a máa ń sáré jáde juwọ́ sí i, a ó máa pariwo pé kó bá wa ra búrẹ́dì bọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, 26 oṣù Kẹsàn-án 1992. Mo juwọ́ sí ti ọjọ́ náà pẹ̀lú. Kò rìn jìnnà tó fi já sínú àbàtà. Èèyàn tó wà nínú rẹ̀ lé ní 150, ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọ̀gá ológun tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Jaji. Ẹnì kan ò yè é.

Láti ìgbà náà, bí Màámi bá ti gbọ́ irú ohùn yẹn, ohunkóhun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ á dúró. Ọbẹ̀ tó ti jó mọ́ ìkòkò nítorí yín ò níye. Á gbọ́wọ́ lérí, á ní, "Kó balẹ̀ ire o, ọmọ ọlọ́mọ," títí ohùn á fi rẹlẹ̀. Àwọn aládùúgbò a máa fi í ṣẹ̀fẹ̀. Kí n má purọ́, mo bá wọn rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, 27 oṣù Kìn-ín-ní 2002, tí àdó olóró inú bárékè Ìkẹjà ń bú gbàù, gbogbo àdúgbò kọrí sí ọ̀nà Òkè-Àfá. Màámi ò kúrò lójú kan. Bàálù ló rò pé ó tún já. Ó ń wo sánmà, ó ń ṣàdúrà yín, ó sì di aṣọ wa mú pinpin. Inú kánáàlù Òkè-Àfá ni ọ̀pọ̀ àwọn tó sá lọ kú sí.

Etí rẹ̀ ti di báyìí. Àtẹ́lẹwọ́ ló máa ń gbé lé tábìlì kó lè mọ̀ bóyá ẹ ń bọ̀.

"Ó ti lọ?"

"Ó ti lọ, Màámi."

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, ọ̀rọ̀ náà ti sú mi, gáàsì ń jó lásán, mo ní ẹ ti lọ nígbà tí ẹ ṣì wà lókè orí wa. Ó wò mí. Kò gbé ọwọ́ kúrò lórí tábìlì.