Kí ẹ tó ka ìbọn ọkọ̀ ogun, ẹ bèèrè ojú àti etí rẹ̀

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo kí gbogbo òṣìṣẹ́ yín. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Ìròyìn tí ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá nípa ọkọ̀ ogun ojú omi ni mo kà tí n kò lè dákẹ́. Akọ̀ròyìn yín ka ìbọn ọkọ̀ náà láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ó sọ bí ẹnu rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, ó sọ iye ọta tó ń yọ ní ìṣẹ́jú kan, ó ní ẹ̀rù yóò ba ọ̀tá. Àwòrán ìbọn nìkan gba ìdajì ojú ewé. Mo ka ìròyìn náà lẹ́ẹ̀mejì, n kò rí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nípa rédà, ẹ̀rọ tó jẹ́ ojú ọkọ̀, n kò rí ti sónà, ẹ̀rọ tó jẹ́ etí rẹ̀ lábẹ́ omi, n kò sì rí ti àwọn ọmọ tí yóò jókòó tì wọ́n. Ó ká mi lára, nítorí ìdí iṣẹ́ yẹn ni mo ti lo ọjọ́ ayé mi.

Ológun ojú omi ni mí kí n tó fẹ̀yìntì, yàrá rédà sì ni mo ti ṣiṣẹ́. Yàrá náà kì í ní fèrèsé. Inú òkùnkùn la máa ń jókòó sí, kí ojú lè rí ìmọ́lẹ̀ kékeré tó ń tàn lójú ẹ̀rọ. Ìlà ìmọ́lẹ̀ kan á máa yí po bí ọwọ́ aago, ibi tó bá ti kan nǹkan, á fi àmì sílẹ̀ bí ẹyọ ìrẹsì kan. Ìgbì òkun pàápàá ń fi àmì sílẹ̀. Bí òkun bá ru, gbogbo àárín ojú ẹ̀rọ á funfun bí ìgbà tí gàrí dà sílẹ̀, inú gàrí yẹn lèèyàn yóò sì ti ṣa ẹyọ ìrẹsì tó jẹ́ ọkọ̀.

Lóru ọjọ́ kan, mo rí àmì kan tó ń yọ tó ń pòórá. Ọ̀gá mi ní ìgbì ni. Mo ní, "Sà, ìgbì kì í dúró sójú kan. Èyí ò kúrò níbi tó wà láti ogún ìṣẹ́jú." A yí ọkọ̀ lọ síbẹ̀. Àwọn apẹja méjì àti ọmọdé kan la bá nínú ọkọ̀ pákó, ẹ́ńjìnnì wọn ti kú láti àná. Pákó kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ hàn lójú rédà, torí kì í dá ìgbì rédà padà bí irin ṣe ń dá a padà. Ìkòkò irin ńlá tí wọ́n fi ń dáná, tí wọ́n dojú rẹ̀ dé lórí ẹrù, ni rédà wa ń rí nígbà tí omi bá gbé wọn sókè. Ìkòkò ọbẹ̀ ló yọ èèyàn mẹ́ta nínú ikú, ìkòkò ọbẹ̀ àti ojú tí kò sùn.

Àwọn tó kọ́ wa níṣẹ́ kì í sọ̀rọ̀ tán kí wọ́n má dárúkọ HMS Sheffield. Ọdún 1982 ni, Gẹ̀ẹ́sì àti Argẹntínà ń jà lórí erékùṣù Falklands. Sheffield kì í ṣe ọkọ̀ yẹpẹrẹ. Torí kó lè máa já bàálù ọ̀tá lulẹ̀ ni wọ́n ṣe kàn án, mísáìlì Sea Dart ló sì gbé fún iṣẹ́ náà. Ní ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún, bàálù ogun Argẹntínà méjì tí wọ́n ń pè ní Super Étendard fò wá nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí omi, ọ̀kọ̀ọ̀kan yin mísáìlì Exocet kan, wọ́n sì ṣẹ́rí padà. HMS Glasgow tó wà nítòsí gbọ́ igbe rédà àwọn bàálù náà, ìyẹn ìgbì tí rédà ń rán jáde, ó sì ké sí àwọn yòókù. Sheffield kò gbọ́ tirẹ̀. Ẹ̀rọ tó yẹ kó fi gbọ́ rédà ọ̀tá ti di adití lásìkò yẹn, nítorí wọ́n ń fi sátẹ́láìtì bá ilé sọ̀rọ̀, ariwo sátẹ́láìtì sì bo gbogbo ohun tó kù mọ́lẹ̀. Ọ̀gá tó ń ṣọ́ ojú òfuurufú ti jáde kúrò ní yàrá iṣẹ́. Wọn kò yin chaff, ìyẹn àwọn fọ́nrán tín-ín-rín tí wọ́n ń fọ́n sójú ọ̀run kí mísáìlì lè ṣìnà tẹ̀ lé wọn. Èèyàn 20 ló kú. Ọkọ̀ náà jóná, ó sì rì ní ọjọ́ 10 oṣù náà níbi tí wọ́n ti ń fà á lọ. Kò yin Sea Dart ẹyọ kan sí àwọn tó pa á.

Ẹ gbà mí láyè kí n ṣe ìṣirò kékeré kan fún àwọn òǹkàwé yín, kí wọ́n lè mọ bí àsìkò ṣe kéré tó. Ayé rí roboto, ìgbì rédà kì í sì í yà tẹ̀ lé kọrọ ayé lọ títí. Bí rédà bá wà lórí òpó tó ga ní mítà 25, tí mísáìlì sì ń fò ní mítà 3 péré lórí omi, rédà náà kò lè rí i àfi tó bá ku nǹkan bíi kìlómítà 28 kó dé. Exocet ń sá ju 300 mítà lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìṣẹ́jú kan àbọ̀ ni gbogbo rẹ̀ láti ìgbà tó yọ sí ìgbà tó wọlé. Láàárín ìṣẹ́jú kan àbọ̀ yẹn, ọmọ tó wà nídìí rédà gbọ́dọ̀ rí i, kó dá a mọ̀, kó pariwo, kí ọ̀gá gbà á gbọ́, kí ìbọn sì dún. Ẹni tó bá ń fi ọwọ́ nu ojú nígbà náà ti pẹ́ jù.

Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 17 oṣù Karùn-ún ọdún 1987, Exocet méjì tí bàálù Ìráàkì yìn ba ọkọ̀ USS Stark ti Amẹ́ríkà, èèyàn 37 kú. Ọkọ̀ yẹn ní Phalanx, ìbọn tó ní rédà tirẹ̀ lórí, tó lè dá mísáìlì mọ̀ kó sì yìnbọn fún un láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Wọn kò fi í sí ipò tí yóò fi ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ìbọn wà, ojú wà lára ìbọn, kò sẹ́ni tó la ojú náà.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò fèsì pé ká ṣáà ti ní ohun tó ń dẹ́rù bani, pé àwọn àgbà ló wí pé ó ní apátí ni, kò ní apátí ni, ta ní jẹ́ jẹ́ kí wọ́n kọ ìbọn sí òun? Òwe yẹn ṣe é pa lórí ilẹ̀. Lójú òkun, ọ̀tá mọ̀ bóyá ìbọn wa ní apátí. Rédà tó ń ṣiṣẹ́ ń ké, irú rédà kọ̀ọ̀kan ló sì ní igbe tirẹ̀, ọkọ̀ tó bá sì ní etí lè gbọ́ igbe náà láti ọ̀nà tó jìn ju ibi tí rédà fúnra rẹ̀ ń ríran dé lọ. Bó bá ti pẹ́ tí rédà tó ń darí mísáìlì wa kò ké mọ́, ẹni tó ń ṣọ́ wa ti mọ̀ pé igi gbígbẹ la gbé dání.

Ti ọkọ̀ abẹ́ omi tún le ju ìyẹn lọ. Rédà kò já mọ́ nǹkan kan níbẹ̀, torí ìgbì rẹ̀ kì í wọ inú omi òkun. Etí ló kù. Apẹja ni bàbá tó bí mi, ní ilẹ̀ Ìlàjẹ. Mo ṣì kéré nígbà tí mo rí i tó ki àjẹ̀ bọ omi, tó gbé ìdí àjẹ̀ náà lé etí, tó ní ká panu mọ́. Ó pẹ́ díẹ̀, ó nawọ́ sí apá òsì, ó ní ẹja wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ sónà bò mí létí, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ọwọ́ bàbá mi lórí àjẹ̀ ni mo rí. Ìró ń sáré tó mítà 1,500 ní ìṣẹ́jú àáyá kan nínú omi, ó lé ní ìlọ́po mẹ́rin ti inú afẹ́fẹ́. Sónà kan wà tó ń ké tó ń dúró de gbohùngbohùn, bíi ti àdán. Òmíràn wà tó ń dákẹ́ tó ń fetí sílẹ̀, bíi ti bàbá mi. Èkejì yìí ni ọkọ̀ abẹ́ omi fẹ́ràn, torí ẹni tó bá ké ti júwe ilé ara rẹ̀. Omi òkun ò sì rí bákan náà látòkè délẹ̀. Lọ́dọ̀ wa níbí, oòrùn a mú òkè omi gbóná, ìsàlẹ̀ a tutù, níbi tí méjèèjì ti pàdé, ìró a máa yẹ̀ kúrò lọ́nà. Ọkọ̀ tó bá sá sábẹ́ ibẹ̀ lè gba ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ wa kọjá ká má gbọ́.

Nínú ogun Falklands kan náà, ọkọ̀ abẹ́ omi Gẹ̀ẹ́sì, HMS Conqueror, tẹ̀ lé ọkọ̀ ogun General Belgrano ti Argẹntínà láti ọjọ́ tó ṣáájú, láìjẹ́ pé àwọn tó wà lókè mọ̀. Ní ọjọ́ 2 oṣù Karùn-ún, ó yin tọ̀pídò mẹ́ta, ìyẹn àdó olóró tó ń sáré nínú omi, méjì bá a, èèyàn 323 kú. Tọ̀pídò Mark 8 ló yìn, irú èyí tí wọ́n ti ń lò kí Ogun Àgbáyé Kejì tó bẹ̀rẹ̀. Ohun ìjà àtijọ́ ni, ṣùgbọ́n etí tó gbé e débẹ̀ yè kooro. Argẹntínà náà ní ọkọ̀ abẹ́ omi kan lójú ogun, San Luis, tí wọ́n ya àwòrán rẹ̀ ní Jámánì, tó gbé tọ̀pídò tó jẹ́ tuntun ju èyí tí Conqueror yìn lọ. Gẹ̀ẹ́sì wá a títí, wọ́n ju àdó olóró sínú omi lọ́tùn-ún lósì, wọ́n ń pa ìró ẹja àbùùbùtán mọ́ ọkọ̀, wọn kò rí i. Ó yọ́ dé ibi tó ti lè yin ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì yìn. Kò rí ọ̀kan rì. Kọ̀ǹpútà tó ń ṣírò ọ̀nà fún tọ̀pídò ti bàjẹ́, kò sí ẹni tó lè tún un ṣe lójú òkun, wáyà tó ń darí tọ̀pídò sì ń já. Ẹ̀rọ kan tó bàjẹ́ ló sọ akínkanjú ọkọ̀ di ọwọ́ òfo.

Àwa náà ti ní ohun ìjà rí, ẹ má jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ rò pé a ò ní rí. NNS Ẹkùn, pẹ̀lú Siri àti Ayam, tí Nàìjíríà rà láti Cherbourg ní ilẹ̀ Faransé, Exocet ni wọ́n gbé. NNS Aradu tí wọ́n kàn ní Hamburg gbé ìbọn ẹnu mílímítà 127, ó gbé mísáìlì Otomat àti Aspide, ó ní tọ̀pídò, ó ní sónà, ó ní hẹlikópítà Lynx lẹ́yìn. Ọ̀kan nínú ọkọ̀ ogun tó lágbára jù ní Áfíríkà ni nígbà ayé rẹ̀. Ní ọdún 2005 ó lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì síbi àpéjọ ọkọ̀ ogun tí wọ́n fi rántí igba ọdún ogun Trafalgar, ojú mi ṣomi nígbà tí mo rí àwòrán rẹ̀. Nígbà tó yá, ọ̀pọ̀ ọdún ni kò fi lọ sójú òkun.

Nínú ọkọ̀ kan tí mo ti ṣiṣẹ́, tí n kò ní dárúkọ, magnetron rédà wa kú. Magnetron ni ọkàn rédà, ọwọ́ méjì lè gbé e. Ó ní iye wákàtí tó ń lò kó tó rẹ̀ ẹ́, kò sí oníṣẹ́ rédà tí kò mọ̀. A kọ̀wé kí wọ́n ra òmíràn. Oṣù mẹ́jọ la fi retí rẹ̀. Láàárín oṣù mẹ́jọ yẹn, wọ́n kun ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì torí àlejò pàtàkì, àwọn ọmọ fi Brasso nu gbogbo idẹ títí èèyàn fi lè rí ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Àlejò dé, ó dúró ti ìbọn, àwọn oníròyìn ya fọ́tò. Kò sẹ́ni tó sọ̀ kalẹ̀ dé yàrá wa. Èmi ni mo wá aṣọ bo ojú rédà kí eruku má bàa bà á jẹ́. Ó ń dùn mí títí di àárọ̀ òní.

Kì í ṣe pé kò sí ìyìn. Ní oṣù Kejì ọdún 2016, àwọn jàǹdùkú orí omi gba ọkọ̀ epo kan, MT Maximus, ní ẹ̀bá Ivory Coast. Ológun orílẹ̀-èdè kan ń fi ojú sin ín lé èkejì lọ́wọ́ títí tó fi dé ìtòsí São Tomé, níbi tí àwọn ọmọ wa láti Nàìjíríà ti gùn ún lóru, tí wọ́n sì gba àwọn tó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀. Ojú ló kọ́kọ́ ṣẹ́gun níbẹ̀, ìbọn tẹ̀ lé e. Ìdí nìyẹn tí inú mi fi dùn ní ọdún 2021 nígbà tí wọ́n ṣí Falcon Eye, àwọn rédà àti kámẹ́rà tó ń ṣọ́ etíkun wa, ju bí inú mi ṣe ń dùn sí ìbọn èyíkéyìí lọ.

Olóòtú, ẹ̀bẹ̀ ni mo ń bẹ̀ yín. Nígbà tí wọ́n bá tún pè yín síbi ọkọ̀ ogun tuntun, kí akọ̀ròyìn yín bèèrè iye magnetron tó wà ní sítọ́ọ̀. Kó bèèrè ẹni tí yóò tún rédà ṣe bó bá bàjẹ́ lójú òkun, bóyá ọmọ wa ni àbí a ó dúró de òyìnbó. Kó bèèrè iye ọjọ́ tí ọmọ ìdí sónà ń lò lójú òkun lọ́dún. Lẹ́yìn náà kó ní kí wọ́n mú òun sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá tí kò ní fèrèsé, kó jókòó ti ọmọ tó wà níbẹ̀ fún wákàtí kan, kó sì bi í pé ìgbà wo ló rí ọkọ̀ pákó kẹ́yìn.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọmọ Apẹja, ológun ojú omi tó ti fẹ̀yìntì,
Ìgbókọ̀dá, Ìpínlẹ̀ Òǹdó.