Ilé tí wọ́n ń fi hàn lọ́sàn-án nìkan

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá lórí ohun tó yẹ kéèyàn yẹ̀ wò kó tó ra ilé. Ẹ mẹ́nu ba òrùlé, ẹ mẹ́nu ba páìpù omi, ẹ ní kéèyàn wo ògiri bóyá ó sán, kó sì rí i pé ìwé ilé pé. Gbogbo rẹ̀ ni mo ṣe lọ́dún tó kọjá. Òrùlé mi kò jò títí dòní. Ohun tí ẹ kò kọ, tí èmi náà kò sì rò, ni ẹni tó ń gbé lẹ́yìn ògiri ọgbà.

Òru ọjọ́ kẹta tí a kó débẹ̀ ni mo tó mọ̀. Aago kan ti kọjá díẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé ọkọ̀ ńlá kan ló há síwájú ilé. Ìró náà á lọ sókè, á han goooro, á rọlẹ̀, á sinmi bí ìṣẹ́jú kan, lẹ́yìn náà á tún gbé e. Ìsinmi yẹn gan-an ló burú jù, torí inú rẹ̀ ni oorun ti máa ń fẹ́ gbé èèyàn lọ. Mo gun àga, mo yọjú lójú fèrèsé ẹ̀yìn. Iná ń tàn ní àgbàlá kejì. Ọkùnrin kan fi aṣọ bo imú, ó ń ti pákó bọ ẹnu ẹ̀rọ ìlagi, lẹ́búlẹ́bú pákó ń rú lójú iná bí èéfín.

Káfíńtà ni aládùúgbò mi. Lọ́sàn-án, ó ń bá ẹlòmíràn ṣiṣẹ́. Òru ló fi ń ṣe tara rẹ̀. Nígbà tí mo lọ bá a lọ́jọ́ kejì, kò bá mi jà rárá. Ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Mo rò pé ẹni tó ta ilé fún yín ti sọ fún yín ni. Ọdún kẹsàn-án rèé tá a ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí." Mo ní kí ló yẹ kó sọ fún mi? Ó wò mí títí, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní kò burú.

Olóòtú, mi ò bínú sí káfíńtà yẹn tó bí ẹ ṣe lè rò. Ó ti wà níbẹ̀ kí n tó dé, kò sì fi iṣẹ́ rẹ̀ pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó gbowó lọ́wọ́ mi ló fi pa mọ́.

Ìgbà mẹ́rin ni mo lọ wo ilé náà, ọ̀sán sì ni gbogbo rẹ̀. Nígbà kan tí mo ní kí n yà wò ó lálẹ́ bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, éjẹ́ńtì ní onílé ní àlejò. Yàrá tó tóbi jù nínú ilé náà, èyí tó kọjú sẹ́yìn, ẹrù ni wọ́n kó kún inú rẹ̀. Tọkọtaya náà ń sùn ní yàrá kótópó kan níwájú, bẹ́ẹ̀dì wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dí ilẹ̀kùn. Mo rò pé wọ́n ti ń palẹ̀ mọ́ ni. Ihò ìṣó kéékèèké tò yí férémù fèrèsé ẹ̀yìn ká. Mo fi ìka kàn wọ́n, mo bi onílé léèrè, ó ní kọ́tínnì ni. Ìgbà tí a tún yàrá ṣe ni mo rí èérún fóòmù tó ṣì lẹ̀ mọ́ orí ìṣó méjì tí wọn kò yọ. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Nínú dúrọ́ọ̀ kíṣínì, lábẹ́ bébà tí wọ́n tẹ́ sísàlẹ̀ rẹ̀, ni mo ti rí ìwé kékeré kan. Ọwọ́ ìkọ̀wé ọkùnrin tó buwọ́ lùwé ilé fún mi ló wà nínú rẹ̀. "1:20, ó bẹ̀rẹ̀. 2:05, ó dákẹ́. 2:15, ó tún gbé e. Ọmọ jí." Bẹ́ẹ̀ ló lọ láti ojú ìwé dé ojú ìwé, pẹ̀lú ọjọ́ àti oṣù. Níbì kan, wákàtí nìkan ló kọ, ó wá fi báírò fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ títí bébà fi ya. Àkọsílẹ̀ tó kẹ́yìn jẹ́ oṣù méjì ṣáájú ìgbà tí wọ́n gbé ilé síta fún títà.

Mo gbé ìwé náà lọ bá lọ́yà. Ó ní òfin àtijọ́ kan wà tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè jogún lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, pé ẹni tó ń rajà ni kó la ojú ara rẹ̀ sílẹ̀. Bí ẹni tó ń tà bá kàn dákẹ́, ìdákẹ́ lásán kì í sábà di ẹjọ́ sí i lọ́rùn. Àmọ́ bí o bá bi í ní ìbéèrè tó sì dáhùn lódì, tàbí tó sọ ìdajì kí ìdajì yẹn lè ṣì ọ́ lọ́nà, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ nìyẹn. Inú mi dùn, mo ní mo bèèrè o! Mo bi onílé pé ṣé àdúgbò yìí fara balẹ̀, ó sì dá mi lóhùn pé, "Èèyàn dáadáa ló yí wa ká." Lọ́yà kọ ọ́ sílẹ̀, ó wò ó, ó mi orí. Ó ní, "Kò purọ́. Ṣebí ìwọ náà ní èèyàn dáadáa ni káfíńtà."

Ibòmíràn wà tí wọ́n ti gbìyànjú láti dí ihò yìí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, fọ́ọ̀mù kan wà tí wọ́n ń pè ní TA6, ẹni tó ń ta ilé ló máa ń kọ ọ́, ó sì ń bi í bóyá ìjà tàbí ìfẹ̀sùnkàn kankan ti wáyé lórí ilé náà tàbí ilé tó wà nítòsí. Ní California, fọ́ọ̀mù tí òfin fọwọ́ sí bèèrè gbangba bóyá ẹni tó ń tà mọ̀ nípa ariwo tàbí ìdààmú mìíràn ládùúgbò. Ní New York lọ́dún 1991, ilé-ẹjọ́ gbà kí ẹnì kan yọwọ́ nínú ilé tó ti fẹ́ rà, torí ẹni tó ń tà á ti sọ fún àwọn ìwé ìròyìn tipẹ́ pé iwin wà níbẹ̀, kò sì sọ fún un. Ká ní iwin ló ń lagi lẹ́yìn ilé mi ni, bóyá ǹ bá rí nǹkan dì mú.

Àmọ́ fọ́ọ̀mù bíi ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn ní ibi tó kù sí, lọ́yà mi ló là mí lójú. Ẹni tó bá fẹjọ́ sùn ti ní ìjà tó gbọ́dọ̀ kọ sílẹ̀. Ẹni tó bá pa á mọ́ra, tó di etí, tó gbé bẹ́ẹ̀dì lọ sí yàrá iwájú, kò ní nǹkan kan tí yóò kọ. Mo wá rò pé ìdí nìyẹn tí ìwé inú dúrọ́ọ̀ fi parí lọ́jọ́ tó parí. Káfíńtà kò dá iṣẹ́ dúró. Onílé ló pinnu láti tà. Nítorí náà, bí àwọn aṣòfin wa bá fẹ́ ṣe fọ́ọ̀mù, kí wọ́n má bèèrè ìjà nìkan. Kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé: kí lẹ máa ń gbọ́ lóru, yàrá wo lẹ sì ń sùn? Kí ó dáhùn, kó buwọ́ lù ú.

Àwọn kan sọ fún mi pé n kò lẹ́nu ọ̀rọ̀ torí èmi ni mo wá bá káfíńtà níbẹ̀. Ìyẹn kò rí bẹ́ẹ̀ nínú òfin Gẹ̀ẹ́sì. Ní London lọ́dún 1879, ẹnì kan tó ń ṣe ohun dídùn jíjẹ ti ń gún nǹkan nínú odó ńlá méjì fún ohun tó lé ní ogún ọdún, dókítà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ wá kọ́ yàrá tó ti ń rí aláìsàn sítòsí odó. Dókítà ló jàre. Nítorí náà mo lè gbé káfíńtà lọ sílé-ẹjọ́, mo sì lè borí. Ẹ̀ka Yúróòpù ti Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ lọ́dún 2009 pé kí ìpíndọ́gba ariwo ìta ilé lóru má kọjá 40 decibel láàárín ọdún. Lójú fèrèsé mi, fóònù mi ń kọ 62 bí ẹ̀rọ bá ti wọ igi. Fóònù kì í ṣe ẹ̀rọ ilé-ẹjọ́, mo mọ̀, ṣùgbọ́n bí iye yẹn bá fi mẹ́wàá lé, bí ìlọ́po méjì ni etí ń gbọ́ ọ.

Síbẹ̀, ẹsẹ̀ mi kò fẹ́ lọ. Kí n dá ọ̀nà oúnjẹ ẹnì kan dúró torí pé ẹlòmíràn pa ẹnu mọ́? A ti jókòó sọ̀rọ̀. Ó gbé ẹ̀rọ lọ sí igun kejì, ó fi táyà àtijọ́ tẹ́ ẹ nísàlẹ̀, ó sì ṣèlérí aago mọ́kànlá. Ó mú ìlérí yẹn ṣẹ fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ ilẹ̀kùn ogójì wọlé fún un.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n má da ara mi láàmú, kí èmi náà tà á, kí n sáà rí i pé ọ̀sán ni mo ń fi í hàn. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń ṣeré, ṣùgbọ́n mo ro ó fún odindi alẹ́ kan, mi ò ní purọ́ fún yín. Mo tiẹ̀ ti ń wo yàrá iwájú pé bẹ́ẹ̀dì wa lè gbà níbẹ̀.

Ìwé kékeré yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ojú ìwé tí ẹni àkọ́kọ́ fi sílẹ̀, mo ti kọ mẹ́rin kún un. Kò sí lábẹ́ bébà mọ́. Orí tábìlì pálọ̀ ló wà, níbi tí ẹnikẹ́ni tó bá wá wo ilé yóò ti rí i.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín tí kò tíì sùn