Ẹsẹ̀ Kò Ní Nọ́ńbà

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Ọ̀rọ̀ ìwé ni mo fẹ́ bá yín sọ. N kò sọ ti ilé ẹ̀kọ́ o. Ìwé tí wọ́n kọ orúkọ yín sí lẹ́nu iṣẹ́ ni mò ń wí.

Ọdún 1967 ni mo wọṣẹ́ sójà n'Íbàdàn. Kí ogun Biafra tó dé, gbogbo sójà Nàìjíríà ò ju bí 10,000 lọ. Nígbà tó fi máa parí ní oṣù kìíní ọdún 1970, a ti tó bí 250,000. Nínú ìrọ́kẹ̀kẹ̀ yẹn, ta ló ń fara balẹ̀ kọ orúkọ? Akọ̀wé gé orúkọ bàbá mi sí méjì, ó kọ ìdajì. Mo rí i, mo rẹ́rìn-ín. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún tó ń lọ ojú ogun, kí ló kàn án?

Ọ̀dọ̀ Adékúnlé, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n ń pè ní Black Scorpion, ni wọ́n kó wa lọ, ní Third Marine Commando, ẹ̀ka ọmọ ogun Nàìjíríà tó ń darí. A wọ Port Harcourt ní oṣù karùn-ún ọdún 1968. Ohun tójú mi rí níbẹ̀, ẹ jẹ́ n fi sínú. Ẹsẹ̀ tí mo fi ń tiro, ẹ kúkú mọ̀ ọ́n.

Ọdún 1979 ni mo kúrò níṣẹ́. Inú àpótí ìyá mi ni ìwé ìdásílẹ̀ mi wà. Òjò wọlé, ikán sì jẹ ìyókù. Ìgbà tí mo wá ń wá owó ìfẹ̀yìntì, wọ́n ní orúkọ tó wà lọ́wọ́ àwọn kọ́ ni mò ń jẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo wọkọ̀ òru lọ Àbújá. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní, "Bàbá, ẹ mú ìwé yín wá." Mo ká ṣòkòtò sókè, mo fi ojú àpá hàn án. Ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹsẹ̀ kò ní nọ́ńbà." Kò parọ́. Òun náà ló ra omi tútù fún mi.

Lọ́dún 2000, Ọbásanjọ́ sọ ìlékúrò àwọn sójà tó jà fún Biafra di ìfẹ̀yìntì. Àwọn ẹgbẹ́ mi kan fapá jánú. Èmi ò bínú. Ebi kì í béèrè ẹ̀yìn ẹni tí èèyàn bá jà.

Nítorí náà, bí wọ́n bá ṣi orúkọ yín kọ, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ ní kí wọ́n tún un ṣe. Ẹ ṣe ẹ̀dà ìwé yín, kí ọ̀kan wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò. Ẹ jẹ́ kí ìyàwó yín mọ orúkọ ẹni tí ẹ kọ pé kó gba owó yín.

Nọ́ńbà sójà mi ṣì wà lórí mi. Ọmọ mi obìnrin ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Lọ́jọ́ Ajé, èmi àti ẹ̀ ń lọ kọ́ọ̀tù lọ búra orúkọ.

Èmi ni bàbá yín, sójà àtijọ́.