Sáfà méjì ò lè dá ẹjọ́ ara wọn

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Mo ka ohun tẹ́ ẹ gbé jáde lójú ewé ìmọ̀ ẹ̀rọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, níbi tí òǹkọ̀wé yín ti ní iléeṣẹ́ tí ò bá fẹ́ kí iṣẹ́ òun dúró kàn máa ra sáfà méjì ni (kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú fáìlì fún gbogbo òṣìṣẹ́), kó so wọ́n pọ̀, ohun tí ìkan bá kọ kí ìkejì náà kọ ọ́, tí ìkan bá kú ìkejì á gbaṣẹ́ fúnra ẹ̀, ó parí. Ẹ má bínú sí mi, kò parí o. Èmi náà ti ṣe é bẹ́ẹ̀ rí, ojú mi rí màbo.

Ohun tá a tò nígbà yẹn dáa lójú wa gan-an. Ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ DRBD ló ń ṣe ẹ̀dà dísíìkì láàárín sáfà méjèèjì, ọ̀fẹ́ ni, ó ti wà nínú Linux, ètò tó ń darí àwọn sáfà náà, látọdún 2010, a sì fi í sí protocol C, ìyẹn ni pé kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ti kọ nǹkan tán àfi tó bá ti wọ dísíìkì ìhín àti tọ̀hún. Àdírẹ́ẹ̀sì IP kan ṣoṣo (nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń wá ara wọn rí) ni àwọn èèyàn ń lò, sáfà tó bá jẹ́ ọ̀gá lákòókò yẹn ló ń dì í mú. Ètò méjì mìíràn, Pacemaker àti Corosync, wá ń ṣọ́ wọn, àwọn sáfà náà ń kí ara wọn léraléra, ṣó o wà, mo wà, tí ìkan bá kí títí fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan tí ò gbọ́ nǹkan kan, á ní ẹnì kejì ti kú nìyẹn, á gba IP, á ṣí dísíìkì, iṣẹ́ á máa lọ. A dán an wò, a pa sáfà kan, ìkejì gbà á kíá, gbogbo wa pàtẹ́wọ́.

Àṣé wáyà kan báyìí ni ìkíni yẹn àti ẹ̀dà dísíìkì jọ ń gbà. Lálẹ́ ọjọ́ kan wáyà yẹn bàjẹ́. Sáfà kankan ò kú o, àwọn méjèèjì wà láàyè dáadáa, ara wọn nìkan ni wọn ò gbọ́ mọ́, ni kálukú bá sọ ara ẹ̀ di ọ̀gá. Ọba méjì láàfin kan. Àwọn òṣìṣẹ́ kan ń kọ nǹkan sí tìhín, àwọn kan ń kọ sí tọ̀hún, nígbà tílẹ̀ fi máa mọ́ a ti ní ìtàn méjì tí ò bára mu, DRBD lóun ò lè so wọ́n pọ̀ mọ́, split-brain ni wọ́n ń pè é, ọpọlọ tó pín sí méjì, àwa ká yan èyí tá a máa sọ nù. Àṣẹ tí wọ́n ń lò fún un, discard-my-data lorúkọ ẹ̀, ìyẹn ni pé da dátà mi nù, kò tiẹ̀ fi ọ̀rọ̀ bọpobọyọ̀ rárá. A kọ́kọ́ kó ohun tó wà nínú ọ̀kan pamọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, lẹ́yìn náà la wá ń fi ọwọ́ to fáìlì kọ̀ọ̀kan mọ́ra, ẹ ò lè mọ bó ṣe ń rẹ èèyàn.

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá àgbà òṣìkà ni. Sáfà tí ò gbóhùn ẹnì kejì ò lè mọ̀ bóyá ó kú ni àbí wáyà ló já, ohun kan náà ló ń rí. Ìdí nìyẹn tó fi gbọ́dọ̀ ní ẹlẹ́rìí kẹta, kẹ́ni tó bá ní méjì nínú mẹ́ta, pẹ̀lú òun fúnra ẹ̀, máa ṣe ọ̀gá, kẹ́ni tó bá dá wà jókòó jẹ́ẹ́. Ẹlẹ́rìí yìí ò sì wọ́n, kò ní láti lágbára: nínú Gluster, ètò mìíràn tó ń tọ́jú fáìlì sórí ọ̀pọ̀ sáfà, èyí tí wọ́n ń pè ní arbiter, orúkọ fáìlì àti ìsọfúnni nípa wọn ló ń tọ́jú, kì í tọ́jú ohun tó wà nínú wọn. Ẹ ṣáà má lọ gbé e sórí iná kan náà pẹ̀lú ìkan nínú àwọn méjì yẹn. (Mẹ́rin ò sì sàn ju mẹ́ta lọ níbi ìdìbò yìí, mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ pé nínú mẹ́rin, torí náà ẹyọ kan ṣoṣo náà lẹ lè pàdánù.)

Ohun kejì tó gbọ́dọ̀ wà ni STONITH, orúkọ tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, ìtumọ̀ ẹ̀ ni kó o yìnbọn fún ẹnì kejì lórí. Kí sáfà tó gba dísíìkì, kó kọ́kọ́ pa iná ẹnì kejì, kó dá a lójú pé ó kú lóòótọ́. Pacemaker máa ń kọ̀ láti gbé iṣẹ́ dìde tí ò bá sí i, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn sì máa ń ṣe, tí àwa náà ṣe, ni pé wọ́n á pa STONITH láti lè ráyè sinmi.

Àwọn ńlá náà ń kó sí i o. Lọ́jọ́ 21 oṣù kẹwàá ọdún 2018, nẹ́tíwọ́ọ̀kì GitHub, ìkànnì tí àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ wọn sí, já fún ìṣẹ́jú àáyá 43 péré ní ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà. Ẹlẹ́rìí tiwọn pé, wọ́n fi ìbò gbé ipò ọ̀gá dátábéèsì lọ sí ìwọ̀-oòrùn, àmọ́ àwọn ohun tí wọ́n kọ kẹ́yìn ò tíì débẹ̀, ẹ̀dà tiwọn kì í dúró de ara wọn bíi ti protocol C. Wákàtí 24 àti ìṣẹ́jú 11 ló gbà wọ́n kí gbogbo nǹkan tó padà sípò. Bákáàpù, ẹ̀dà téèyàn tọ́jú síbòmíì, lọ́tọ̀ o, ẹ má gbàgbé, torí fáìlì téèyàn bá ṣèèṣì parẹ́ lórí sáfà kìíní, ìkejì á pa á rẹ́ lójú ẹsẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún òǹkọ̀wé yín, kó tó kọ apá kejì, kó to sáfà méjì tó ní yẹn, kó má pa ìkankan, torí sáfà téèyàn bá pa jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ máa ń dágbére fún ẹnì kejì kó tó lọ. Wáyà àárín wọn ni kó yọ, kó wá kọ ohun tójú ẹ̀ bá rí sínú ìwé ìròyìn.

Èmi ni,
òǹkàwé yín tó ń bójú tó sáfà