Ẹ Jẹ́ Kí Àwọn Ọmọ Sinmi Lọ́sàn-án Nígbà Tí A Bá Kó Wọn Lọ Sí Ọgbà Ìṣeré

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn, ẹ kú làálàá. Mo bẹ̀ yín kí ẹ gbà mí láàyè nínú ìwé ìròyìn yín láti sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tí àwọn òbí máa ń bá ara wọn jiyàn lé lórí nígbàkígbà tí ìsinmi ilé-ìwé bá ti sún mọ́lé, pàápàá àwọn tí Ọlọ́run ṣe é fún tí wọ́n lè kó ọmọ lọ sí àwọn ọgbà ìṣeré ńláńlá tó wà lókè òkun. Bí a bá ti sanwó wọ irú ọgbà bẹ́ẹ̀, ṣé ó tọ́ kí a kó àwọn ọmọ jáde ní ọ̀sán gangan, kí wọ́n lọ sinmi fún wákàtí méjì tàbí mẹ́ta kí a tó padà wá, àbí kí a wà níbẹ̀ láti àárọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú kí owó wa má baà ṣòfò? Lójú tèmi, ó yẹ kí wọ́n sinmi. Mo ti wà lára àwọn tó ń sọ pé kò yẹ rí, àwọn ọmọ-ọmọ mi ni wọ́n sì jìyà rẹ̀.

Ọdún 31 ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ jẹ́léósinmi níhìn-ín ní Ìbàdàn kí n tó fẹ̀yìn tì. Bí wọ́n bá ti jẹun ọ̀sán tán, ẹní la máa ń tẹ́ fún wọn. Bí ọmọ kan bá kọ̀ láti sùn, a ti mọ̀ pé kí ìyá rẹ̀ tó dé láti mú un, yóò ti bá ọmọ mẹ́ta jà, yóò ti sunkún nítorí ohun tí kò tó nǹkan, kò sì ní rántí orin tí a kọ́ ọ láàárọ̀. Ohun tí mo fi ojú ara mi rí lójoojúmọ́ fún ọdún 31 nìyẹn, síbẹ̀ mo gbàgbé rẹ̀ lọ́jọ́ tí mo dé ibi tí wọ́n ti ń fi dọ́là san owó ìwọlé.

Ní ọdún 2018, ọmọ mi obìnrin àti ọkọ rẹ̀ mú mi dání nígbà tí wọ́n ń kó àwọn ọmọ wọn mẹ́ta lọ sí Orlando, ní ìpínlẹ̀ Florida ní Amẹ́ríkà. Àgbà nínú wọn jẹ́ ọmọ ọdún 9, èkejì jẹ́ ọmọ ọdún 6, àbíkẹ́yìn sì ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún 3 ni. Oṣù Keje ni. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí a wọ ọgbà, aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ni a ti wà lẹ́nu ọ̀nà, títí di ìyálẹ̀ta ni inú gbogbo wa sì ń dùn. Nígbà tí oòrùn dé àtàrí, bàbá àwọn ọmọ ní kí a padà sí òtẹ́ẹ̀lì kí wọ́n lọ sùn díẹ̀. Èmi ni mo ní rárá. Mo bi í léèrè iye tó san lórí tíkẹ́ẹ̀tì, nígbà tó sì dá mi lóhùn, mo ní owó tó tó báyìí kọ́ ni ènìyàn ń fi sùn. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọkọ ọmọ kì í bá ìyá ìyàwó rẹ̀ jiyàn ní gbangba. Ó dákẹ́, a sì dúró.

Kí aago méjì tó lù, ọmọ ọdún 6 ti bì sórí ìlà tí a tò sí. Àbíkẹ́yìn fi ara lélẹ̀, ó ń sunkún. Wọ́n fi áìsìkiriìmù bẹ̀ ẹ́, ó jù ú nù. Àgbà ọmọ ní orí ń fọ́ òun, ìyá wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ líle lórí ohun tí kò tó ìjà. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni a gbé ara wa jáde, bí ẹni tí wọ́n nà. Láti bí ọdún kan kí a tó kúrò ní Ìbàdàn ni àwọn ọmọ yìí ti ń sọ nípa iná aláràbarà tí wọ́n máa ń yìn sójú ọ̀run lálẹ́ níbẹ̀, wọ́n sì ti sùn lọ fọnfọn kí wọ́n tó yìn ín. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí àgbà ọmọ mọ̀ pé ó ti kọjá, ó jókòó sí etí ibùsùn, ó sunkún láìpariwo. Ẹkún yẹn ló ń dun mí títí di òní.

Nígbà tí a padà lọ lẹ́yìn ọjọ́ kan, mo ní kí bàbá wọn ṣe é bó ṣe fẹ́. A tètè wọlé, a ṣe eré tí àwọn ọmọ fẹ́ràn jù kí èrò tó pọ̀, a sì jáde ní aago méjìlá ààbọ̀. Wọ́n wẹ̀, wọ́n jẹ oúnjẹ fúyẹ́fúyẹ́, a fa aṣọ ojú fèrèsé dí kí yàrá ṣókùnkùn, wọ́n sì sùn. Èyí tó jẹ́ ọmọ ọdún 9 ní òun ti dàgbà ju ẹni tó ń sùn lọ́sàn-án lọ. A ní kó kàn dùbúlẹ̀ ni, kó má wo fóònù, kò sì ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ tó fi ń hanrun. A jí wọn ní aago mẹ́ta ààbọ̀, nítorí pé ọmọ tó bá sùn títí di ìrọ̀lẹ́ kò ní fẹ́ sùn lóru. Nígbà tí a padà wọlé ní nǹkan bí aago márùn-ún, oòrùn ti rọjú, ìlà ti kúrú, àbíkẹ́yìn sì wà lórí èjìká bàbá rẹ̀, ojú rẹ̀ là kedere, nígbà tí wọ́n yin iná náà.

Ohun kan wà tó yẹ kí àwa tí a ń ti ilẹ̀ Nàìjíríà lọ rò ju àwọn ará ibẹ̀ lọ. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, wákàtí márùn-ún ni aago wa fi ṣíwájú aago Florida. Nígbà òtútù, ó di mẹ́fà. Bí aago bá lu kan ọ̀sán níbẹ̀ ní oṣù Keje, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni ní Ìbàdàn. Bí wọ́n bá ń yin iná lálẹ́ ní aago mẹ́sàn-án, aago méjì òru ni ara àwọn ọmọ wa ṣì ń kà, ó sì máa ń gba ọjọ́ mélòó kan kí ara tó bá aago tuntun mu. Ẹ tún fi ìrìn àjò inú ọkọ̀ òfuurufú kún un, nítorí láti Èkó sí ìlú Atlanta ní Amẹ́ríkà nìkan ju wákàtí mẹ́wàá lọ. Àwọn oníṣègùn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oorun sọ pé ọmọ ọdún 3 sí 5 nílò oorun wákàtí 10 sí 13 láàárín ọ̀sán àti òru, tí ọmọ ọdún 6 sí 12 sì nílò wákàtí 9 sí 12. Ọmọ tó jí ní aago mẹ́fà òwúrọ̀ láti tètè dé ẹnu ọ̀nà ọgbà, tí yóò sì dé orí ibùsùn ní aago mọ́kànlá alẹ́, kò lè rí oorun tó tó bí kò bá rí díẹ̀ sùn lọ́sàn-án.

Ní ti ooru, àwọn kan máa ń sọ pé ọmọ Ìbàdàn kì í bẹ̀rù oòrùn. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà tó yẹ kó mọ̀. Ìwọ̀n ooru Florida ní oṣù Keje àti Kẹjọ máa ń tó dígírì 32 tàbí 33, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì kún fún omi débi pé òógùn kì í tètè gbẹ lára, bẹ́ẹ̀ òógùn tó bá gbẹ ló ń mú ara tutù. Ara ọmọdé máa ń gba ooru kíákíá ju ti àgbàlagbà lọ, ọmọ tí eré bá sì wọ̀ lára kì í rántí béèrè omi. Nílé níhìn-ín, àwa kì í rin ìrìn wákàtí mẹ́jọ lábẹ́ oòrùn lórí ilẹ̀ oníkọnkéré. Bí oòrùn bá mú, a ó wọlé.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ owó ló wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ ènìyàn, n kò sì bá wọn wí, nítorí tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ kan fún àgbàlagbà kan ní Disney World, ìyẹn ibi ìṣeré ńlá tó wà lẹ́bàá Orlando, ju 100 dọ́là lọ, bí a bá sì ṣẹ́ ti ẹni márùn-ún sí náírà, ojú ènìyàn á là. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí owó náà ń rà ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Láti nǹkan bí aago mọ́kànlá òwúrọ̀ títí di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni èrò máa ń pọ̀ jù, tí ènìyàn lè dúró sórí ìlà fún wákàtí kan gbáko nítorí eré tí kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Àsìkò yẹn náà ni òjò àti àrá máa ń dé ní Florida láti oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹsàn-án, bí mànàmáná bá sì ti ń kọ, wọ́n á dá àwọn eré tó wà ní ìta dúró. Ní wákàtí mẹ́ta ọ̀sán, ó lè jẹ́ eré méjì péré ni ìdílé kan yóò rí ṣe. Ní wákàtí kan àkọ́kọ́ láàárọ̀, wọ́n lè ṣe tó mẹ́rin. Tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi wọlé láàárọ̀ ni wọ́n á tún fi wọlé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà, wọn kò ní san òmíràn. Ẹni tó bá kó ọmọ lọ sùn kò pàdánù ju ìdúró lórí ìlà lọ.

Ibi kan wà tí mo ti gbà pé ọ̀rọ̀ àwọn tó ń takò mí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ilẹ̀ Disney World tó nǹkan bí éékà 25,000, ọgbà mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló sì wà lórí rẹ̀. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1971, ènìyàn gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi tàbí ọkọ̀ ojú irin láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kó tó dé ibi tó gbé mọ́tò sí. Ìdílé tó wọ̀ sí òtẹ́ẹ̀lì tó jìnnà lè lo wákàtí kan ní àlọ àti òmíràn ní àbọ̀, ìyẹn kì í sì í ṣe ìsinmi mọ́. Kí irú wọn má jáde. Kí wọ́n lọ jókòó pẹ́ nídìí oúnjẹ nínú ilé tí ẹ̀rọ amúlétutù wà, kí wọ́n yan eré tí ènìyàn ń jókòó wò nínú òkùnkùn, kí wọ́n tẹ́ kẹ̀kẹ́ ọmọ sílẹ̀ fún èyí tó kéré jù kó sùn lábẹ́ òjìji. Bí àwọn ọmọ tó ti lé ní ọdún 13 bá sì fẹ́ dúró, kí àgbàlagbà kan dúró tì wọ́n kí àwọn yòókù lọ.

Àwọn tí kò lọ sí òkè òkun pọ̀ ju àwọn tó lọ lọ, ọ̀rọ̀ yìí sì kàn wọ́n ní Ìbàdàn gan-an. Ní ọjọ́ ọdún Iléyá, ní Kérésìmesì àti ní Ọjọ́ Àwọn Ọmọdé, 27 oṣù Karùn-ún, ẹ lọ wo bí èrò ṣe máa ń tò sí Ọgbà Àgodi, Trans Amusement Park àti ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn. Àkókò tí oòrùn mú jù gan-an ni ọ̀pọ̀ ìdílé ń dé, nítorí pé wọ́n á kọ́kọ́ se oúnjẹ ọdún, wọ́n á gba àlejò, kí wọ́n tó múra ọmọ. Nígbà tí mo máa ń kó àwọn ọmọ ilé-ìwé lọ sí ọgbà ẹranko, mo kọ́ ẹ̀kọ́ kan lọ́dọ̀ kìnnìún: ọ̀sán gangan, ṣe ló máa ń na ara sílẹ̀ sábẹ́ òjìji, ariwo ọmọ kì í sì í jí i. Ẹni tó bá fẹ́ rí ẹranko tó ń rìn, kó wá láàárọ̀ tàbí nírọ̀lẹ́. Ọyẹ́ Kérésìmesì tún máa ń tan òbí jẹ: òtútù àárọ̀ ló mú kí wọ́n wọ súẹ́tà fún ọmọ, bí ọ̀sán bá sì pọ́n, afẹ́fẹ́ gbígbẹ á ti gbẹ òógùn lára rẹ̀ kí ìyá rẹ̀ tó rí i.

Ọgbà Àgodi, tó ti wà láti ọdún 1967, ní igi tí òjìji rẹ̀ tó kí ìdílé tẹ́ ẹní sí. Ẹní, omi tó pọ̀, ọsàn díẹ̀, a ti ní òtẹ́ẹ̀lì wa. Ṣùgbọ́n mo bẹ ẹ̀yin bàbá àti ìyá, ẹ má ṣe gbé ọmọ sínú mọ́tò tí ẹ ti fèrèsé rẹ̀ pa pé kó sùn síbẹ̀ nígbà tí ẹ ń ṣọ́ àwọn yòókù. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ooru inú mọ́tò tó wà nínú oòrùn máa ń gòkè débi tó lè pa ọmọ. Bí orí bá ń fọ́ ọmọ, tí òòyì ń kọ́ ọ, tí ara rẹ̀ gbóná tí kò sì làágùn mọ́, tí ó ń sọ ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀, ilé ìwòsàn ló kàn kíákíá, kí a sì máa fi omi tutù nù ún lára lójú ọ̀nà.

Bàbá tó bí bàbá mi ní oko kòkó lọ́nà Akànràn. Kí oòrùn tó yọ ni wọ́n á ti dé oko. Bí ọ̀sán bá pọ́n, wọ́n á kó sínú ahéré, wọ́n á jẹ iṣu sísun, wọ́n á na ẹ̀yìn. Bí oòrùn bá rọlẹ̀, wọ́n á padà sẹ́nu iṣẹ́ títí di ìrọ̀lẹ́. Kò sí ẹni tó pè wọ́n ní ọ̀lẹ, kò sì sí ẹni tó ní wọ́n ń fi ọjọ́ ṣòfò. Èmi tí mo jẹ ẹ̀fọ́ àti iṣu oko yẹn dàgbà ni mo wá lọ dúró sí Orlando tí mo ń ka dọ́là lé ọmọdé lórí.

Mo ní ẹ̀bẹ̀ kan sí àwọn tó ń bójú tó àwọn ọgbà ìlú wa. Ní àwọn ọjọ́ ọdún, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí ìdílé tó bá sanwó láàárọ̀ lè jáde lọ sinmi nílé kí wọ́n sì padà wọlé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà láìsan òmíràn. Òǹtẹ̀ kékeré kan sí ẹ̀yìn ọwọ́ ọmọ tó láti fi mọ̀ wọ́n. Kí ẹ sì na àtíbàbà sí ibi tí àwọn ọmọ ti ń tò láti gun jáńgílófà, nítorí ibẹ̀ ni oòrùn ti ń rí wọn jù.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ìyá àgbà kan, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì,
Òkè-Àdó, Ìbàdàn.