Ẹ yé sọ ọdún Mètúsélà di oṣù

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Láti ọjọ́ Àìkú tó kọjá ni inú ti ń bí mi. Ọmọ ọmọ mi, ọmọ ọdún 11, ti ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi dé tòun tomijé lójú. Ẹ̀ǹtí wọn ló ní ọdún 969 tí Mètúsélà lò láyé, oṣù ni, pé téèyàn bá fi 12 pín in, bí ẹni 80 ọdún ni baba náà. Ọmọ yìí ṣírò tirẹ̀ sẹ́yìn ìwé, ó nawọ́ sókè: “Ẹ̀ǹtí, ẹni ọdún 65 ni Énọ́kù nígbà tó bí Mètúsélà. Ṣé ọmọ ọdún márùn-ún ló wá bímọ ni?” Wọ́n ní kó jókòó, pé ẹ̀mí iyèméjì ló ń dà á láàmú.

Mo rí ojú ìwé náà. Ìṣirò rẹ̀ pé, ó tiẹ̀ fa ìlà méjì sábẹ́ ìdáhùn. Wọ́n lé ọmọ jókòó torí pé ó mọ ìṣirò!

Àwọn àgbà tó ń kọ ìwé ẹ̀kọ́ wọ̀nyí ńkọ́? Ọdọọdún là ń ra ìwé lọ́wọ́ wọn. Tí wọ́n bá dé Jẹ́nẹ́sísì orí 5, níbi tí Bíbélì ti ka ọdún àwọn baba wọ̀nyí, wọ́n á fò ó bí ẹni fo gọ́tà, ó di inú ọkọ̀ Nóà.

Ẹni tó kọ Jẹ́nẹ́sísì mọ oṣù yàtọ̀ sí ọdún. Ọjọ́ 17 oṣù kejì ni ìkún omi bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ 17 oṣù keje ni ọkọ̀ gúnlẹ̀ sórí òkè Árárátì, 150 ọjọ́ sì ni omi fi gbilẹ̀, ìyẹn oṣù márùn-ún ọlọ́gbọ̀n ọjọ́. Ábúráhámù tó kú ní ẹni ọdún 175 ńkọ́? Ṣé ọmọ ọdún 14 ló fẹ́ Sárà, tó tún sin ín?

Èmi gbà á bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Ẹlòmíràn ní iye àpọ́nlé ni, bíi ti àwọn ará Súmérì, ìlú àtijọ́ kan ní ilẹ̀ Ìráàkì òde òní, tí wọ́n kọ ọ́ pé Alulim jọba ní Eridu fún ọdún 28,800. Ìyẹn ṣeé jókòó sọ. Ọ̀rọ̀ oṣù ni kò ṣeé gbọ́.

Ohun tí mo fẹ́ ni kí kíláàsì kọ̀ọ̀kan fa ìlà sójú pátákó, ìlà kan fún baba kan, àtẹ́lẹwọ́ kan fún 100 ọdún, kí ìlà ọmọ bẹ̀rẹ̀ níbi tí bàbá rẹ̀ ti bí i. Èmi àti ọmọ náà fi èédú fà á sára ògiri ẹ̀yìnkùlé wa nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. A rí i pé Lámékì, ọmọ Mètúsélà, ti di ẹni ọdún 56 kí Ádámù tó kú. Nígbà tó kan Mètúsélà, ọmọ náà ro 187, ọdún tó fi bí Lámékì, pọ̀ mọ́ 182, ọdún tí Lámékì fi bí Nóà, ó fi 600, ọdún Nóà nígbà ìkún omi, lé e, ó di 969, ó pariwo: “Bàbá, ọdún tí omi dé gan-an ló kú!” Lẹ́yìn ìkún omi, ìlà bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú: Ṣémù 600, Pélégì 239, Jósẹ́fù 110, títí a fi dé 70 àti 80 inú Sáàmù 90. Ẹ̀kọ́ odidi oṣù kan wà níbẹ̀.

Kí wọ́n tún máa dá àwọn olùkọ́ lẹ́kọ̀ọ́ kí wọ́n tó gbé wọn síwájú ọmọ ọlọ́mọ.

Kí Ẹ̀ǹtí yẹn sì dá ọmọ náà lóhùn níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀. A ò tíì nu èédú náà kúrò lára ògiri.

Bàbá àgbà kan,
Ìbàdàn