Ẹ tọ́ ògógóró wò kí ẹ tó bú u

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Lẹ́tà bàbá kan tí ẹ gbé jáde nípa ọtí ìdáná ló jẹ́ kí n mú gègé. Bàbá ní àwọn dá ògógóró tí àna àwọn gbé wá padà lójú agbo, pé ọtí ọ̀mùtí ni, pé ṣìnáàpù ni ọtí àwọn baba ńlá wa, òun nìkan ló sì yẹ kí àgbà fi súre fún ìyàwó. Mo kúnlẹ̀ kí wọ́n o. Ṣùgbọ́n ọtí ni mò ń tà ní Òkìtìpupa níbí, ìyá tó bí mi ló sì ń sè é kí èmi tó máa tà á. Jíìnì, ṣìnáàpù, wisikí àti ògógóró ló jọ jókòó lórí pẹpẹ ní ṣọ́ọ̀bù mi. Mo mọ èyí tí àwọn èèyàn ń rà nítorí ẹnu wọn, mo sì mọ èyí tí wọ́n ń rà kí àna lè rí páálí rẹ̀.

Ká kọ́kọ́ yanjú ti baba ńlá yìí ná. Ìlú Schiedam ní Họ́láńdì ni ojúlé ṣìnáàpù. Ọkà ni wọ́n fi ń sè é níbẹ̀. Àwọn ilé ẹ̀rọ tí afẹ́fẹ́ ń yí, tí wọ́n fi ń lọ ọkà fún àwọn tó ń sè é láyé àtijọ́, ṣì wà níbẹ̀ lónìí, kò sí irú wọn tó ga tó bẹ́ẹ̀ lágbàáyé. Ìgò aláwọ̀ ewé onígun mẹ́rin tí a máa ń bá lábẹ́ ibùsùn àwọn àgbà, ọkọ̀ òkun ló gbé e wá. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso Gúúsù Nàìjíríà, kí ogun 1914 tó bẹ́ sílẹ̀, orí ọtí òkèèrè ni wọ́n ti ń rí èyí tó pọ̀ jù nínú owó kọ́sítọ́ọ̀mù wọn. Bíṣọ́ọ̀bù Tugwell àti Bíṣọ́ọ̀bù James Johnson pariwo títí pé ọtí yìí ń ba àwọn èèyàn jẹ́. Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ olùwádìí dìde ní 1909, ìgbìmọ̀ náà sì ní àwọn ò rí ìbàjẹ́ kankan. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ta ni yóò rí ìbàjẹ́ nídìí ohun tó ń mówó wọlé fún un? Ní 1919 ni àdéhùn Saint-Germain tó wá fòfin de àwọn ọtí líle olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń kó wá sí Áfíríkà. Nígbà tí àwọn èèyàn wa wá mọ bí a ṣe ń fi ẹmu sè tiwọn, pàápàá láti nǹkan bí 1930 síwájú, ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ wọ́n wọ igbó. Ohun tí wọ́n ṣe kò ju pé wọ́n ń sè é láìgbàṣẹ ìjọba lọ. Ibẹ̀ ni ògógóró ti gba orúkọ burúkú tó ń jẹ́ dòní. Ẹni tó tọ́ ọ wò kọ́ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn.

Ọ̀rọ̀ ọtí, ẹnu là á fi ṣe é. Bí oníbàárà tó mọ nǹkan bá wọlé lálẹ́, ife kékeré onígíláàsì ni mo máa ń tò síwájú rẹ̀, mi ò sì ní fi yìnyín sí i, nítorí òtútù máa ń bo àléébù ọtí mọ́lẹ̀. Màá ní kó kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀, kó la ẹnu díẹ̀ bó ṣe ń gbóòórùn, kí ọtí má baà ta á nímú. Bó bá jẹ́ jíìnì bíi ti London ni, èso juniper ló máa kọ́kọ́ pàdé imú, ó ń rùn bí oje igi tútù, lẹ́yìn náà ni èèpo ọsàn á yọjú. Ó mọ́, ó tuni lẹ́nu. Ṣùgbọ́n gbogbo òórùn yẹn, wọ́n fi kún un ni. Ọtí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n ti sè é títí tí kò fi ní ohun kan tó ń sọ mọ́, ìbáà jẹ́ àlìkámà ni wọ́n fi ṣe é, ìbáà jẹ́ ìrèké. Ṣìnáàpù tí wọ́n ń ṣe nílé níbí náà jọ ọ́, àmọ́ òórùn tirẹ̀ fẹ́lẹ́. Á ta lórí ahọ́n lẹ́ẹ̀kan, ó ti lọ nìyẹn. Wisikí wà láyè tirẹ̀. Òfin wisikí Scotland ní kò gbọ́dọ̀ lò dín ní ọdún 3 nínú àgbá igi óákì, igi yẹn ló sì ń fún un láwọ̀. Mi ò bá a jà, ó kàn wọ́n jù fún ọjà wa ni.

Ògógóró gidi ńkọ́? Ẹmu ló ń rùn, ẹmu tó ti kan díẹ̀. Òórùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù wà nínú rẹ̀, bó bá sì jẹ́ ti etí omi, èéfín igi ìdáná wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Kò sí ẹni tó fi òórùn kankan kún un. Ẹ ó gbé e mì tán, ẹ ó ṣì máa bá a lẹ́nu. Bí ẹ bá fẹ́ da tóníìkì àti ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, jíìnì ni kí ẹ mú, mo gbà. Ògógóró àti tóníìkì máa ń bá ara wọn jà nínú ife. Ṣùgbọ́n ọtí tí ẹ máa fẹnu kàn láìfi nǹkan kan là á, kí ló kù tí ṣìnáàpù fi jù ú lọ?

Ọ̀dọ̀ ìyá mi ní etí omi Ìlàjẹ ni mo ti mọ̀ pé ògógóró ju ògógóró lọ. Ẹmu ògùrọ̀ ni wọ́n ń rà lọ́wọ́ adẹ́mu, wọ́n á fi sílẹ̀ títí tí kò fi ní dùn mọ́ rárá, torí adùn tó bá kù nínú rẹ̀, kò lè di ọtí mọ́. Wọ́n á dà á sínú àgbá irin, wọ́n á fi amọ̀ dí ẹnu rẹ̀ yípo, páìpù bàbà á sì jáde láti ibẹ̀ gba inú ọpọ́n omi kọjá. Iná rẹ̀ gan-an ni iṣẹ́. Bí iná bá pọ̀, ẹmu á hó gba inú páìpù, ọtí á dàrú, á máa rùn, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn sì mọ̀ sí ògógóró nìyẹn. Ìyá mi á fa igi sẹ́yìn, wọ́n á jókòó tì í. Èyí tó kọ́kọ́ kán sílẹ̀, wọn kì í tà á, wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mu ún. Ó máa ń gún ojú, iná ni wọ́n ń fi dá. Àárín rẹ̀ ni wọ́n ń gbà. Bí wọ́n bá gbọn ìgò, tí ìhó kéékèèké orí rẹ̀ kò dúró mọ́, wọ́n á yọ ìgò kúrò, èyí tó kù á padà sínú àgbá pẹ̀lú ẹmu mìíràn.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á dárúkọ Òde-Ìrèlé fún mi. Kò jìnnà sí wa. Ní oṣù kẹrin 2015, àwọn èèyàn ń fọ́jú níbẹ̀, wọ́n sì ń kú. Àwọn kan ní òrìṣà ló ń bínú, kí àyẹ̀wò tó fi hàn pé mẹ́tánọ́ọ̀lù ni, ìyẹn ọtí olóró tó jọ ọtí tí à ń mu. Ìjọba àpapọ̀ fòfin de ògógóró lọ́dún náà, ẹ sì lè wá wo ọjà wa bóyá ẹ ó rí i pé wọ́n de nǹkan kan. Iye mẹ́tánọ́ọ̀lù tó ń pani bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń lú ọtí ló sábà máa ń dà á sí i. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣáná sí i láti dán an wò, ìṣáná kò mọ mẹ́tánọ́ọ̀lù o, òun náà ń jó. Gbígbọn ìgò kò mọ̀ ọ́n, ahọ́n kò mọ̀ ọ́n. Bí ọtí ṣe le sí nìkan ni wọ́n lè sọ fún yín. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń ra ọtí lọ́wọ́ ẹni tí mi ò mọ ibi tó ti ń sè é. Mi ò sì ń gbà á nínú kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n ti fi ra kẹrosíìnì rí, bí wọ́n tilẹ̀ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ níṣojú mi. Ọtí inú ọ̀rá tí NAFDAC ń bá jà, ìyẹn ni mi ò gbèjà. Ọmọ iléèwé ń fi owó oúnjẹ rà á.

Lọ́hùn-ún ní orílẹ̀-èdè Benin, sódabì ni wọ́n ń pe tiwọn. Wọ́n ní àwọn ọmọ ìyá kan tó ń jẹ́ Sodabi ló mú ọgbọ́n rẹ̀ bọ̀ láti ojú ogun ní ilẹ̀ Faransé. Níwájú àlejò ni wọ́n ń gbé e kalẹ̀ sí, ojú ò tì wọ́n. Ní Èkó náà, àwọn ọ̀dọ́ ti ń rọ ọ́ sínú ìgò olówó gọbọi tí wọ́n ń pè ní Pedro's, wọ́n sì kọ ògógóró sí i lára gàdàgbà.

Ní ti ìwúre, "ọtí kì í tí" tí a máa ń sọ, mi ò tíì gbọ́ kí alága ìjókòó kankan ní ti Họ́láńdì nìkan ni kì í tí. Bí bàbá bá tún fẹ́ fi ọmọ mìíràn fọ́kọ, kí wọ́n kọ ìgò ògógóró kan mọ́ ṣìnáàpù nínú líìsì, kí wọ́n sì béèrè lọ́wọ́ àna ibi tí wọ́n ti rà á àti ẹni tó sè é. Bí àna ò bá rí ìdáhùn, ìgbà yẹn ni kí wọ́n dá a padà.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Ọlọ́tí,
Òkìtìpupa, Ìpínlẹ̀ Oǹdó.